Wọ́n Ya Kọ̀ǹpútà Sára Bọ́ọ̀dù fún Wa!

  

Lẹ́tà ìyá aláṣọ kan láti Òṣogbo ló wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ojú ìwé mẹ́ta ni, mi ò lè tẹ gbogbo rẹ̀ síbí, ẹ jẹ́ kí n sọ kókó inú rẹ̀. Ìyá yìí ní ọmọbìnrin kan tó wà ní SS2. Láti JSS1 ni ilé ìwé ti ń gba owó kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀, táàmù kan kì í yẹ̀. Ó ní òun kì í jiyàn, òun a san án, torí òun fẹ́ kí ojú ọmọ òun là ju tòun lọ. Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan tí ẹgbẹ́ aláṣọ ní kó lọ bá àwọn tẹ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́. Ó mú ọmọ rẹ̀ dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tẹ̀wé. Ọmọge tó wà níbẹ̀ ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun, ó ní, "Mọ́mì, ṣebí ọmọ yín ń lọ sílé ìwé, kó jókòó sídìí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn kó máa tẹ̀ ẹ́."

Ọmọ jókòó. Ìyá ní òun ń wò ó. Ó di máòsì mú bí ẹni di iṣu gbígbóná mú. Ó ń wá lẹ́tà A káàkiri kíbọ́ọ̀dù bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sínú iyanrìn. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló tíì tẹ̀ tán tí omi fi lé ròrò sójú rẹ̀, àwọn oníbàárà tó wà níbẹ̀ sì ń wò ó.

Ìbéèrè tí ìyá náà fi parí lẹ́tà rẹ̀ ló gún mi lọ́kàn. Ó ní: "Akọ̀wé, ṣé ọmọ mi ló ya ọ̀dẹ̀ ni, àbí àwọn kan ló ń jẹ owó mi?"

Ìyá mi, ọmọ yín ò ya ọ̀dẹ̀. Ẹ má nà án, ẹ má sì fi ọmọ ará ilé kejì ṣe àpẹẹrẹ fún un. Ohun tó ṣe é yẹn, ó ti ṣe èmi náà rí.

Ilé ìwé ìjọba ni mo ti jáde nílùú Ìbàdàn, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko la fi ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Obìnrin ni tíṣà tó ń kọ́ wa, Áńtí là ń pè é. Ọkàn rẹ̀ dára, kì í pa kíláàsì jẹ. Bó bá ti wọlé, á mú ṣọ́ọ̀kì, á ya àpótí ńlá kan sára bọ́ọ̀dù, á ní mónítọ̀ nìyẹn. Á ya nǹkan pẹrẹsẹ kan sábẹ́ rẹ̀, kíbọ́ọ̀dù nìyẹn. Á ya nǹkan róbótó kékeré kan tó nírù, máòsì nìyẹn. Àwa náà á yà á sínú ìwé wa. Àwọn tó mọ àwòrán yà láàárín wa a tún máa fi bírò pupa kun tiwọn. Nígbà tí ìdánwò dé, wọ́n ní ká kọ orúkọ ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà, èmi akọ̀wé yín gba 78. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi!

Kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà ò sí o. Yàrá kọ̀ǹpútà wà, wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn gàdàgbà. Irin wà lójú fèrèsé, àgádágodo méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Kọ̀ǹpútà méjìlá jókòó sínú ibẹ̀, wọ́n fi aṣọ bò wọ́n bí eégún tí ọjọ́ ọdún rẹ̀ ò tíì pé. Ẹ̀ẹ̀kan péré la wọ ibẹ̀, lọ́jọ́ tí àwọn àlejò wá láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Wọ́n tò wá sídìí ẹ̀rọ, wọ́n ní ká má fọwọ́ kan nǹkan kan. Wọ́n ya fọ́tò wa. Bí mọ́tò àlejò ti jáde ní géètì, wọ́n ní ká padà sí kíláàsì.

Ó di ọdún 2018, mo lọ ṣe JAMB. Ìyá mi ló ta ata san owó fọ́ọ̀mù. Wọ́n mú mi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kí n tẹ nọ́ńbà mi wọlé. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo ti máòsì síhìn-ín, ọfà ojú ẹ̀rọ sá lọ sọ́hùn-ún. Mo tì í sọ́hùn-ún, ó pòórá. Nígbà tí mo ráyè wọlé, mo tẹ ìdáhùn kan, mo ṣèèṣì fò ju ìbéèrè mẹ́ta lọ, mi ò mọ bí mo ṣe máa padà. Ọmọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti ń lọ geere. Bàbá rẹ̀ ní kọ̀ǹpútà nílé, ẹ lè rí i lára ìka rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjìlá ló lọ mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Mi ò ní purọ́ fún yín pé kọ̀ǹpútà nìkan ló jẹ́ kí n gba 171 lọ́dún yẹn, kẹ́mísìrì náà bá a dá sí i. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú méjìlá yẹn ń dùn mí títí dòní.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ẹ ṣe ń ṣírò owó ọjà. Ìbéèrè 180 ni JAMB: 60 fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40, 40, 40 fún iṣẹ́ mẹ́ta yòókù. Wákàtí méjì ni wọ́n fún ọmọ. Ẹ pín in, sẹ́kọ́ńdì 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú méjìlá tí mo fi ń lé ọfà kiri ojú ẹ̀rọ, ìbéèrè 18 ló gbé lọ. Ọmọ tó kàwé títí ilẹ̀ fi mọ́ lè pàdánù ìbéèrè 18 láìjẹ́ pé kò mọ̀wé.

Èyí tó tiẹ̀ wá dùn mí jù ni pé ọ̀nà àbáyọ wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Láti 2017 ni JAMB ti ṣe é kí ọmọ tí kò mọ máòsì dì lè fi bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ṣe gbogbo ìdánwò náà. A, B, C, D fún ìdáhùn. N láti lọ sí ìbéèrè tó kàn. P láti padà sí èyí tó kọjá. S bó bá ti parí tó fẹ́ fi sílẹ̀. R bó bá tẹ S tó wá yí ọkàn padà. Ó tán. Ẹ gé ibi tí mo kọ èyí sí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri yàrá ọmọ yín. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni tíṣà máa fi kọ́ kíláàsì, ọdún kan lè tìdí rẹ̀ yọ fún ọmọ ẹlòmíì.

Ẹ̀yin télọ̀, ẹ wá gbà mí. Ṣé ẹ gbọ́ ọ rí pé ọ̀gá kan gba ọmọ iṣẹ́, ó ya ẹ̀rọ ìránṣọ sára ògiri, ó ní, "Ẹsẹ̀ rẹ̀ rèé, abẹ́rẹ́ rẹ̀ rèé, lọ kọ ọ́ sórí," lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ó ṣe fúrídọ̀mù fún un? Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá gé aṣọ iyàwó ọ̀sìngín bà jẹ́, ta lẹ máa bú, ṣé ọmọ ni àbí ọ̀gá? Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ọjọ́ kìn-ín-ní tí ọmọ dé ọ̀dọ̀ yín lẹ ti ń ní kó bá yín mú sípánà wá, títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ èyí tó jẹ́ 10 àti èyí tó jẹ́ 12 láìwò ó. Aṣerunlóge ò lè kọ́ irun dídì nínú ìwé. Iṣẹ́ ọwọ́ ni kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n wọṣọ Gẹ̀ẹ́sì fún un, wọ́n gbé e jókòó sáàárín iṣẹ́ orí, ló fi dà bíi pé tàwọn ọ̀mọ̀wé ni. Ìka ló ń kọ́ ọ kí orí tó tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ yìí ò sì ní dúró sórí JAMB nìkan. Láti 1978 tí JAMB ti ń ṣe ìdánwò, pẹ́ńsù làwọn bàbá wa fi ń kun ìdáhùn. Ní 2013 ni wọ́n gbé ti kọ̀ǹpútà wọlé, nígbà náà èèyàn ṣì lè yan ti bébà. Láti 2015, kò sí bébà mọ́, kọ̀ǹpútà ni fún gbogbo ayé. Ní 2024, WAEC náà bẹ̀rẹ̀ sí fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò fún àwọn tó ń ṣe é ní àdáni. Ní 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba fẹ́ kí WAEC àti NECO kúrò lórí bébà fún àwọn ọmọ ilé ìwé pẹ̀lú. Ìyẹn ni pé ẹnu ọ̀nà tí gbogbo ọmọ máa gbà kọjá, ẹ̀rọ ni wọ́n ń gbé síbẹ̀. Ọmọ olówó ti ń fi irú ẹ̀rọ yẹn ṣeré láti kékeré. Ọmọ tiwa ńkọ́?

Ìyá wa tó kọ̀wé, ẹ máa rántí Ọpọ́n Ìmọ̀, torí ìpínlẹ̀ yín lọ́hùn-ún ló ti ṣẹlẹ̀. Oṣù Kẹfà ọdún 2013 ni Ọ̀gbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlà, tó jẹ́ gómìnà Ọ̀ṣun nígbà náà, gbé e jáde. Tábúlẹ́ẹ̀tì kékeré ni, tí ọmọ lè gbé sínú báàgì. Ìwé 56 fún iṣẹ́ 17 ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìbéèrè WAEC àti JAMB ọdún tó ti kọjá. Kò fẹ́ dátà, kò fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Ìjọba ní 150,000 làwọn máa pín fún àwọn ọmọ SS ní ilé ìwé ìjọba. Èmi fúnra mi gbà pé èrò ọlọgbọ́n ni. Ìyá wo ló fẹ́ ra ìwé 56? Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ pàápàá dùn létí, torí ọpọ́n Ifá ló wá sí ọkàn gbogbo ọmọ Yorùbá tó gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ọpọ́n Ifá kì í dá sọ̀rọ̀. Ẹ gbé e fún èmi tí n kò kọ́ṣẹ́ awo, kí ẹ da ìyẹ̀rosùn sójú rẹ̀ fún mi, màá kàn máa wò ó ni bí ewúrẹ́ ṣe ń wo ìyẹ̀fun. Babaláwo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ kí ìka rẹ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo wa bi ìjọba lọ́dún náà lọ́hùn-ún nìyẹn: nígbà tí ẹ ti gbé ọpọ́n dé, awo ńkọ́? Tíṣà tó máa sọ nínú kíláàsì pé, "Ẹ ṣí i sí ibi báyìí, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìbéèrè kẹrin," ta ló kọ́ òun náà, oṣù mélòó ló fi kọ́ ọ? Ilé tí NEPA kì í mú iná wá, níbo ni ọmọ ti máa ṣáàjì rẹ̀? Bí gíláàsì rẹ̀ bá fọ́ ní Ìlá tàbí ní Ìwó, ta ló máa tún un ṣe?

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó di 2015, owó ìpínlẹ̀ wọ̀ gàù. Tíṣà ń retí owó oṣù, oṣù ń gun oṣù. Àwọn mìíràn ń gba ààbọ̀ owó. Ẹni tí ebi ń pa nílé, ṣé ẹ̀rọ ló máa jókòó tì? Nígbà tí ìjọba yẹn fi parí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, Ọpọ́n Ìmọ̀ kò sí ní ipò tó wà lọ́jọ́ tí wọ́n fi ìlù àti ijó gbé e jáde mọ́. Mi ò sọ èyí láti fi ìjọba kan ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ gbìyànjú rárá.

Kí ẹ má wá rò pé àwọn tíṣà ni mo fẹ́ bú. Kí n tó jókòó kọ èyí, mo lọ wá Áńtí wa yẹn rí. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó ń ta ohun mímu tútù níwájú ilé rẹ̀. Ó rántí mi. Mo kí i tán, mo ní, "Áńtí, ẹ má bínú, kí ló dé tí ẹ kò jẹ́ ká wọ yàrá yẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. Ó ní, "Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi?" Ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé bí ẹyọ kan bá sọnù tàbí tó bàjẹ́, inú owó oṣù òun ni wọ́n ti máa yọ ọ́. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lòun fi owó ara òun ra epo sí jẹnẹrétọ̀ ilé ìwé kí àwọn ọmọ SS3 lè rí ojú ẹ̀rọ, kò sí ẹni tó dá owó náà padà, lòun bá fi í sílẹ̀. Mo rò pé ó ti parí ọ̀rọ̀ ni. Ó wá fi ohùn kékeré sọ pé, "Ìwọ ọmọ yìí, bọ́ọ̀dù ni wọ́n fi kọ́ èmi náà. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, bọ́ọ̀dù ni. Àwòrán tí tíṣà mi yà fún mi ni mo yà fún yín."

Mi ò lè fèsì. Gbogbo bí mo ṣe ń bínú sí obìnrin yìí láti 2018, àṣé àwa méjèèjì la jọ jókòó níwájú bọ́ọ̀dù kan náà. Ó ní àbíkẹ́yìn òun ló wá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń tẹ fóònù ńlá, òun sì ti ń fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi hàn mí. Ìka rẹ̀ yá.

Ohun tí mo rí kọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ yín mọ̀ ọ́n, tíṣà ni kí ẹ kọ́kọ́ ro tirẹ̀. Ẹ rántí ìgbà kòrónà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020 ni wọ́n ti ilé ìwé pa, oṣù Kẹjọ kí àwọn ọmọ SS3 tó wọlé padà láti wá ṣe WAEC. Láàárín ìgbà yẹn, tíṣà ọmọ olówó ń kọ́ ọ lójú fóònù, rédíò ni wọ́n ní kí àwọn ọmọ tiwa máa gbọ́. Rédíò ò burú, ṣùgbọ́n ẹ ò lè na ọwọ́ bi rédíò ní ìbéèrè. Àwọn tíṣà kan wà níbi ìlú kéékèèké tí wọ́n fi owó ara wọn ra dátà, tí wọ́n ń gba ohùn sílẹ̀ lórí WhatsApp fún àwọn ọmọ kíláàsì wọn lálaalẹ́. Àwọn tó ti mọ fóònù lò nìyẹn. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n lò nínú wọn ò lè ṣe nǹkan kan, bó ti wù kó fẹ́ràn ọmọ tó.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá lọ sí mítìn̄ òbí àti tíṣà, ẹ má bi wọ́n pé, "Ṣé kọ̀ǹpútà wà?" Wọ́n á ní ó wà. Ó wà ní tiwa náà. Ẹ bi wọ́n pé, "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìṣẹ́jú mélòó ni ọwọ́ ọmọ mi fi wà lórí kíbọ́ọ̀dù?" Kí ẹ wá dákẹ́, kí ẹ máa wo ojú pirinsípà. Bí wọ́n bá ní iná ni kò sí, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rí ohun tí wọ́n ń fi owó kọ̀ǹpútà táàmù yìí ṣe. Bí wọ́n bá ní tíṣà ò mọ̀ ọ́n, a jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n sọ, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ jọ yọ lára owó náà láti fi rán tíṣà lọ kọ́ ọ fún oṣù méjì lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin rẹwáyà tẹ́ ẹ ní ọmọ níbẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe iná olóòrùn kiri ilé àwọn alájé, ṣé ẹ ò lè ya ọjọ́ Sátidé kan sọ́tọ̀ fún yàrá kan ṣoṣo? Kọ̀ǹpútà mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́, tí ọmọ ń gbà yí ara wọn ká ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, sàn ju méjìlá tó wọ aṣọ eégún lọ. Kọ́kọ́rọ́ yẹn náà, ẹ ní kí wọ́n gbé e fún tíṣà tó ń kọ́ ọmọ, kí wọ́n sì má fi owó oṣù rẹ̀ dẹ́rù bà á.

Nílé, fóònù tó wà lọ́wọ́ yín yẹn kì í ṣe kọ̀ǹpútà ìdánwò, ṣùgbọ́n ó lè ṣe díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa bá yín tẹ iye ọjà tẹ́ ẹ tà lójúmọ́ sínú rẹ̀, kó máa fi kọ lẹ́tà gidi, kì í ṣe "hw fa" àti "lol" nìkan. Bí oníbàárà bá ní òun ti fi owó ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ bá yín ṣí àkáǹtì wò, kó má gba àtẹ̀jíṣẹ́ gbọ́ lásán. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí alẹ́ẹ̀tì ayédèrú ti fojú àwọn alájà rí. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ojú fóònù lè jẹ́ irọ́ ò ní tètè kó sọ́wọ́ àwọn tó ń ta èkísípò JAMB lórí WhatsApp. Àwọn yẹn, olè ni wọ́n, ẹ má fún wọn ní kọ́bọ̀. Kọ̀ǹpútà máa ń da ìbéèrè pọ̀ mọ́ra wọn, tí ohun tó wà níwájú ọmọ yín kì í ṣe ohun tó wà níwájú ẹni tó jókòó tì í.

Ẹ̀rọ náà sì máa ń ṣìnà. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí nítorí ohun tí ojú àwọn ọmọ kan rí ní 2025. Nígbà tí èsì JAMB jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, nínú ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ó lé ní 400,000 tó jókòó, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ni kò gba 200. Ariwo ta. Ilé ò gbà á, ọ̀nà ò gbà á, wọ́n ní àwọn ọmọ ìwòyí ò kàwé mọ́, TikTok ni wọ́n mọ̀. Lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù náà, olórí JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, jáde sí gbangba, ó sunkún, ó ní àṣìṣe wà nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ àwọn ní sẹ́ńtà 157, ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ígbò. Ọmọ 379,997 ni wọ́n ní kó wá tún un ṣe. Mélòó nínú wọn ló ti jẹ ẹgba tàbí èébú nílé kí ọjọ́ náà tó pé? Bí èsì bá jáde tí kò jọ ọmọ tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ ní sùúrù díẹ̀.

Ìyá aláṣọ, ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ yín. Ẹ bi mí bóyá àwọn kan ń jẹ owó yín. Mi ò mọ ilé ìwé náà, mi ò lè fẹ̀sùn kan ẹni tí mi ò rí. Ẹ lọ bi wọ́n ní ìbéèrè ìṣẹ́jú yẹn, ẹnu wọn lẹ ti máa gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọmọ yín wà ní SS2, ọdún ń lọ, ẹ má jókòó de ilé ìwé. Ẹ padà sí ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ lọ yẹn. Ẹ bá ọmọge tó ń tẹ̀wé níbẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ìyá, ẹ ní kó gba ọmọ yín ní ọ̀sán tó bá ti ilé ìwé dé, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹ jọ dúnàádúrà bí ẹ ṣe máa ń ṣe lórí aṣọ. Lákòókò ọlidé, kó máa lọ lójoojúmọ́. Kò ní gba oṣù mẹ́ta tí ìka rẹ̀ á fi mọ̀nà.

Orúkọ ẹnì kan ló tẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ mú ìwé ẹgbẹ́ yẹn dání tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ jẹ́ kó tẹ ìyókù. Bó bá parí rẹ̀, òun gan-an ni kí ẹ ní kó tẹ lẹ́tà tí ẹ máa fi dá mi lóhùn.